Ìjókòó Orí Ẹ́ńjìnnì

Ní Ẹ̀fọ̀n, bí ọyẹ́ bá ti já,
òkè á wọ aṣọ funfun, a ò ní rí ṣọ́ọ̀ṣì,
a ò ní rí igi kòkó tó wà lẹ́yìn ilé.
Epo pupa inú ìgò á dì bí ọṣẹ.
Ètè á là. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀.
Mo gbé bátìrì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò
níbi tó sùn mọ́jú bí aláìsàn,
mo fi ẹ̀wù àlòkù bàbá mi wé e,
mo gbé e léjìká, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì yìí fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ.
Bàbá mi, Fálégàn, rà á lọ́wọ́ ilé-ìwé kan ní Ìkéré
nígbà tí ọ̀dà búlúù ṣì wà lára rẹ̀.
Wọ́n ní: má gbà á gbọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó o máa dá a dúró sí,
kó kọjú sí ìsàlẹ̀, kí òkúta wà lábẹ́ táyà.
Ọlọ́run tó fún wa ní òkè ló fún wa ní sítátà.

Mo da omi gbígbóná sí rádíétọ̀.
Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré ara páǹpù,
mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí atẹ́gùn fi tán,
tí dísẹ́ẹ̀lì sun sí mi lọ́wọ́, tútù bí imú ajá.
Mo kà dé ẹ̀ẹ́dógún. Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ó ní: hùn.
Mo tún kà dé ẹ̀ẹ́dógún.
Ó ní: hùn, hùn,
bí àgbà tí wọ́n jí fún ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Àwọn èrò ti dé. Tíṣà Ọlátúbọ̀sún, fìlà bo etí.
Ọmọbìnrin méjì tó ń lọ ṣe ìdánwò ní Adó,
wọ́n pín súẹ́tà kan, ọ̀kan wọ apá òsì, ọ̀kan wọ apá ọ̀tún.
Màmá Fọlọ́runṣọ́, tó ń gbé ojú lọ han dókítà.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í."
Kò sẹ́ni tó bínú. Ọyẹ́ ti kọ́ wa.
Tíṣà yọ òkúta.
Bọ́ọ̀sì gbọn ara, ó ń yí lọ láìfọhùn,
ó kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́,
ó kọjá ajá kan tó ká jọ sínú eérú,
mo fi gíà kejì sí i, mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀:
gbàmù!
Èéfín dúdú, lẹ́yìn náà funfun, lẹ́yìn náà
ohùn yẹn, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀,
tó máa ń gbé mi sùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Ẹ wo ìjókòó orí ẹ́ńjìnnì.
Lóṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn bá ń yan òkúta,
ẹni tó bá pẹ́ dé ni ń jókòó síbẹ̀,
á máa yíra padà bí ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná.
Láàárọ̀ yìí, ìtẹ́ ọba ni.
Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti sáré gbà á.
Wọ́n wo Màmá. Wọ́n dìde.

Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìdérí ẹ́ńjìnnì
bí ẹni ń yẹ iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe wò.
"Bàbá rẹ máa ń sùn síbí," wọ́n ní,
"lọ́dún tí ọyẹ́ pa ewúrẹ́ mi.
Mo rò pé ó ti mutí ni. Òtútù ni."
N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo títì.
Iná iwájú kan ṣoṣo ló ń tàn,
kùrukùru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí dé Ìtàwúrẹ́.

Ní Àrámọ̀kọ, rádíétọ̀ béèrè omi.
Ní Ìyìn, oòrùn yọ bí kọ́bọ̀ tó dọ̀tí.
Nígbà tí a wọ Adó, súẹ́tà ti wà nínú àpò,
Màmá ti sún kúrò lórí ẹ́ńjìnnì,
wọ́n ń fi etí gèlè fẹ́ ara wọn.
N kò pa á. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ibi tí mo gúnlẹ̀ sí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.